Aránṣọ Tó Jókòó Láàárín Àwọn Adájọ́

Obìnrin aránṣọ kan wà tí àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè la ẹnu sọ pé òun kò mọ nǹkan. Bí èèyàn bá bi í ní ọ̀nà ibi tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ń ṣàìsàn, yóò dárúkọ oògùn. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nídìí máṣínì, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwàdà sọ ọ́ ní Alámọ̀tán. Dípò kí orúkọ náà kọ ọ́ lóminú, ṣe ló ń dùn mọ́ ọn.

Òun ló ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tó ń ṣe ṣíalídìn, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń jó, tí wọ́n ń ta òkìtì, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn sókè níwájú àwọn adájọ́. Àwọn òbí a máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n a máa ráhùn pé bí wọ́n ṣe ń fún ẹgbẹ́ ní máàkì kò yé àwọn. Ẹgbẹ́ kan á ṣubú, síbẹ̀ á borí èyí tí kò ṣubú. Alámọ̀tán kò mọ̀ ọ́n ju àwọn náà lọ, ṣùgbọ́n ó ní gíga ni gbogbo rẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá gbé ọmọ ga jù ló ni máàkì. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, nọ́ọ̀sì kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun ṣáà fọkàn balẹ̀, ohun tí òun mọ̀ nípa eré yẹn, ìwé kò lè gbà á tán.

Nígbà tí ìdíje ọdún náà ku fẹ́ẹ́fẹ́, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ṣàìsàn. Àwọn òbí dárúkọ Alámọ̀tán láti rọ́pò rẹ̀. Olórí adájọ́, ìyá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé òfin eré. Ó ní kí àwọn jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ohun tí adájọ́ kan ń wò yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú aránṣọ. Bó bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wà níjokòó, ojú wọn ń bẹ lára rẹ̀. Ó ní kí ìyá má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí òun. Nígbà tí ìyá lọ, ó fi ìwé náà tẹ aṣọ tó fẹ́ gé mọ́lẹ̀ kí ó má baà yẹ̀. Kò ṣí i.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n gba fóònù àwọn adájọ́, wọ́n tò wọ́n sídìí tábìlì láàárín gbọ̀ngàn, èrò níwájú, èrò lẹ́yìn. Adájọ́ kankan kò gbọdọ̀ dìde títí eré yóò fi parí. Wọ́n gbé ìwé máàkì fún aránṣọ. Ó kà á títí, èdè inú rẹ̀ kò yé e, kò sì rí ibi tí wọ́n kọ gíga sí. Òógùn bò ó. Ó wo ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn jìnnà. Ó fẹ́ bi ọkùnrin adájọ́ tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ti kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ti ní òun ń gbọ́ òkìkí wọn. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, ó ń jí ìwé ọkùnrin náà wò. Ohun tí ìyẹn bá kọ lòun náà ń kọ. Kò mọ̀ pé bí eré ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti le tó ni ọkùnrin náà ń díwọ̀n. Bí wọ́n ti ṣe é mọ́ tó, láìgbọ̀n, láìkọsẹ̀, ni wọ́n yàn fún aránṣọ ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù dáwọ́ lé ohun tó ju agbára wọn lọ. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ kan já bọ́. Ọkùnrin náà fún wọn ní máàkì ńlá nítorí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé le, ó gbà pé ẹni tó ń wo bí wọ́n ti ṣe é mọ́ tó yóò gé máàkì wọn. Aránṣọ kọ ńlá. Àwọn ọmọ àdúgbò jáde. Eré wọn kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é bí ara kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà kọ ìwọ̀nba, aránṣọ náà kọ ìwọ̀nba. Ojú rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ohun mìíràn tí ì bá kọ.

Wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù ló borí. Gbọ̀ngàn kùn. Olùkọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò fẹ̀sùn kàn, olórí adájọ́ sì pe olùkọ́ náà àti nọ́ọ̀sì tó ṣojú àwọn òbí sínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé. Ó ní kí aránṣọ náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bi í pé:

“Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni àwọn ọmọ àdúgbò yìí ti ṣe àṣìṣe?”

Ó ní wọn kò ga tó.

“Gíga kọ́ la ní kí ẹ wò. Kí ni iṣẹ́ tí a yàn fún yín?”

Aránṣọ wo ilẹ̀, ó wo ògiri. Kò sí ibi tó lè gbà lọ.

“N kò mọ̀,” ló wí.

Ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà á là ní ṣọ́ọ̀bù ló wá dá a lẹ́bi níbẹ̀. Olórí adájọ́ fagi lé gbogbo máàkì rẹ̀. Bí kò sì ti sí máàkì fún bí wọ́n ti ṣe eré mọ́ tó mọ́, òfin kò gbà kí wọ́n mú ẹgbẹ́ kankan lọ sí ìdíje àgbà tí ẹgbẹ́ tó bá borí máa ń lọ. Ọdún náà ló kẹ́yìn tí ọjọ́ orí ọmọ nọ́ọ̀sì fi gbà á láàyè láti díje. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́, ó bọ́ bàtà eré rẹ̀, ó kó o sínú àpò.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ká ní o sọ pé o ò mọ̀, ta ni ì bá bú ọ?” Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Wọ́n ní aránṣọ kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́ mọ́ láé. Ẹgbẹ́ náà gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ń kí i bó bá ń kọjá, ṣùgbọ́n kì í yà mọ́. Èyí tó burú jù ni pé wọn kò gba ohun tó mọ̀ pàápàá gbọ́ mọ́. Bó bá ní aṣọ kan kò ní bá oníbàárà mu, òótọ́ ni yóò sì máa sọ, oníbàárà á ní òun fẹ́ lọ béèrè níbòmíràn ná. Báyìí ló ṣe ń jókòó ti máṣínì rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, òótọ́ kún ẹnu rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ọmọ aráyé tó mọ ohun gbogbo. Ẹni tó bá díbọ́n pé òun mọ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan ló máa ń há sínú rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí á tètè sọ pé a kò mọ̀, nígbà tí kò tíì ná ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan kan.