Onígbọ̀wọ́ Kejì

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Mojíròlá, oníṣẹ́ wẹ́dà ní Ìsẹ́yìn, mú Kólìn ọkọ rẹ̀ dání, ó sì gbé ìwé tó fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ìjọba tó ń yẹ ìwé ìgbélùú wò. Ọmọ Kánádà ni Kólìn, ó sì fẹ́ gba ìwé ìgbélùú títí ayé. 

Ẹ̀rọ náà ṣírò owó iṣẹ́ Mojíròlá àti iná oòrùn tí òrùlé rẹ̀ ń tà fún àdúgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó wí. "Owó tó ń wọlé fún yín kò tíì tó gbọ́ bùkátà ẹni méjì, ó kù díẹ̀. Ẹ wá onígbọ̀wọ́ kejì kó tó di ọ̀sán."

Mojíròlá pe bàbá rẹ̀, ẹni tí kò bá Kólìn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bàbá gbọ́ tán, ó kàn pa fóònù. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi wọlé tòun ti aṣọ oko, tó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ẹ̀rọ láti ṣe onígbọ̀wọ́.

"Bàbá, kí ni Kólìn jẹ́ sí yín?" ni ẹ̀rọ bi í.

Bàbá yíjú sí òyìnbó náà. "Ọmọ mi ni."

Ẹ̀rọ ní òun ti gba ìwé náà wọlé. Mojíròlá fò mọ́ bàbá rẹ̀, Kólìn sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni bàbá wí fún un. "Jẹ́ ká lọ sóko."