Ooru Ara Bàbá Adánrin

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ọ̀gá." Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí bàbá adánrin ti gbá gíláàsì ilẹ̀kùn tí ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣì ń nu ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí tì mọ́ ọn.

"Mi ò lè ṣí i. Àwo irin méjì tí ẹ dán ti ń fa ara wọn nínú ẹ̀rọ. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ooru yàrá á yí padà, omi á sì ti ẹ̀yìn wọ ìgbín wa lẹ́nu."

"Afẹ́fẹ́ pàápàá kò sí láàárín wọn. Kí ló wá ń fà wọ́n?"

"Òfìfo náà ni, Bàbá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

"Ọmọ mi obìnrin á wọ bàálù láago mẹ́wàá. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti yàn án lódì. Òní ni mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá yíjú sí iye tí ẹ̀rọ ń kọ jáde. Bàbá jókòó sílẹ̀, ó ń wo aago ara ògiri títí ó fi kọjá mẹ́wàá.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá dì mọ́ ọn. "Iye tí a ti ń wá láti ọdún mẹ́ta la rí yìí. Ooru ara yín ló ṣe é."

"Ẹ yà fún mi. Bóyá bàálù náà pẹ́ kó tó gbéra."

"Ẹ̀ẹ̀kan kò tó ẹ̀rí, Bàbá."

Ọ̀gá gbé àga onítìmùtìmù wọlé fún un, ó rọra bọ́ síta, ó sì ti ilẹ̀kùn.