Orúkọ Èyí Tí A Kò Tíì Bí

Ìbídùn kò mọ ọ̀nà ilé ọkọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, síbẹ̀ àràárọ̀ ni wọ́n ń bi í léèrè ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ó ń lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà ni ìlérí ọmọbìnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bí lọ́la, kí ogójì yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wà lẹ́yìn pápá má baà ṣófo. Bí ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ ní pápá láràárọ̀ bá sì ti pe orúkọ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ní láti dáhùn dípò rẹ̀.

Nígbà ìsinmi, ìyá àgbà rẹ̀ bú mọ́ ọn. "Kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ láyé, a kì í pe orúkọ rẹ̀ síta. Ìwọ wá ń jẹ́ ìpè fún èyí tí a kò tíì lóyún rẹ̀! Bí òun náà bá dáhùn ńkọ́?"

"Ìbídùn Akínṣọ̀wọ́n," ni ẹ̀rọ pè ní pápá láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọlé padà.

"Mo wà ńbí, mà."

"Títílọpẹ́, ọmọ Ìbídùn."

Ìbídùn panu mọ́.

Ohùn ọmọ kékeré kan wá jáde láti inú ẹ̀rọ, ó jọ ti Ìbídùn bí ẹni pé òun gan-an ló bí i: "Mo wà ńbí, mà."

Inú Ìyáàfin Ògúnrèmí, ọ̀gá àgbà, dùn. Ó yíjú sí akọ̀wé.

"Ọmọ ti ń jẹ́ ìpè fúnra rẹ̀. Ẹ pa orúkọ ìyá rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ìpè."