Oòrùn fún Ẹsẹ̀ Dámisí

Nígbà tí Dámisí pé ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, orúnkún rẹ̀ kan kò kan èkejì mọ́ bó bá dúró. Nọ́ọ̀sì Cynthia ki ìka bọ àárín wọn. Ìka mẹ́ta ló gbà.

“Sun no dey touch this pikin,” ló sọ fún Adébímpé, ìyá ọmọ náà.

Òótọ́ ni. Ẹja ni Adébímpé ń tà ní ọjà ńlá Warri. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, á ti ọmọ mọ́lé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, aládùúgbò á máa yọjú wò ó. Oògùn tó yẹ kí wọ́n máa kán sí i lẹ́nu ti tán ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ náà máa yá oòrùn láràárọ̀ láìwọ aṣọ, kí egungun rẹ̀ lè le. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tọ́, wọn yóò fi abẹ là á, wọn yóò ṣẹ́ egungun rẹ̀, kí wọ́n tó tún un tò.

Adébímpé ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìgbòkòdá. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá àgbà dé.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú un dáadáa,” ni Adébímpé ṣàlàyé fún un, “kí ooru rẹ̀ wọnú egungun.”

“Mo gbọ́,” ni ìyá àgbà wí.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí àárọ̀ kan yẹ̀. Òjò oṣù keje dé, ó ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀, síbẹ̀ kò yẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan tí Adébímpé kò lọ sọ́jà, ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀: agbòjò lórí ìyá àgbà, òógùn lójú Dámisí, pákí gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mama, sun dey shout,” ni ọmọ náà wí.

Adébímpé rẹ́rìn-ín. Lọ́jà, ó ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀yin ní ìyá ọkọ. Èmi ní ìyá.”

Oṣù mẹ́ta pé. Nọ́ọ̀sì tún ki ìka bọ àárín orúnkún. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ló wọlé. Ó ní kí wọ́n lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ.

“Madam, you dey lie me. This pikin no see sun.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adébímpé ní akínyẹmí ara. Ó bú sẹ́kún, ó fi ọmọ náà búra.

“Nurse, make we go tomorrow. Come see with your own eye.”

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà pọn Dámisí, ó ṣíwájú Adébímpé àti nọ́ọ̀sì. Òjò ń ṣe winniwinni.

“Ìyá, nọ́ọ̀sì ní oòrùn kò yọ lónìí o,” ni Adébímpé wí.

“Ẹ máa bọ̀, a ò tíì débẹ̀.”

Wọ́n gba inú igbó ọ̀pẹ kọjá. Àwọn obìnrin tó ń sá pákí níbẹ̀ kí ìyá àgbà, wọ́n sún àtẹ wọn fún un, wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó sọ Dámisí kalẹ̀, ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì dá a dúró kí ó kọjú sí iná gáàsì tí ilé iṣẹ́ epo ń sun tọ̀sán-tòru: “Ẹ wò ó,” ó ní, inú rẹ̀ ń dùn, “oòrùn Ọlọ́run a máa sá fún òjò, èyí kì í sá.”