Ọdẹ Tó Fẹ́ Dá Ọ̀dàn Jẹ

Ní abúlé Ìdí-Ẹmi, níbi tí igbó ti ń fẹ́ di ọ̀dàn, ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́níran. Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹsẹ̀ ẹran tó o. Bí ẹran bá kọjá lánàá, á wo ilẹ̀, á sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ṣùgbọ́n àlébù kan wà lára rẹ̀: kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín nǹkan. Ohun tó bá ti fojú sí, àfi kó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Lẹ́yìn abúlé ni ọ̀dàn tí àwọn àgbọ̀nrín ti ń jẹko wà. Ibẹ̀ náà ni Gídádò, Fúlàní àgbàlagbà kan, ti ń da màlúù. Ó ti tó ogún ọdún tó ti tẹ gàá rẹ̀ dó síbẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àmọ́ bí Ọdẹ́níran bá ti dẹ̀gbẹ́ tí kò rí ẹran pa, màlúù Gídádò ló máa ń dá lẹ́bi. Á ní àwọn ló ń lé ẹran òun sá.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Morẹ́nikẹ́, opó kan, dé oko, ó bá àgbàdo rẹ̀ nílẹ̀ bẹẹrẹbẹ. Baálẹ̀ rán Ọdẹ́níran pé kó lọ wo ohun tó jẹ ẹ́. Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀. Ọ̀yà ni. Eyín rẹ̀ gé igi àgbàdo bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ìgbẹ́ rẹ̀ wà káàkiri àárín ebè. Kò sí ẹsẹ̀ màlúù kan níbẹ̀. Ó dúró pẹ́ nínú oko náà, ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì. Nígbà tó padà délé, ó sọ fún Baálẹ̀ pé màlúù ni.

Ta ni yóò bá a jiyàn? Gídádò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán ẹlòmíràn lọ wò ó, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀, ó ti pa gbogbo ojú ẹsẹ̀ rẹ́. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méje kó fi kó kúrò. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó yà sí ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́níran, ó kí i pé ó dìgbà. Ọdẹ́níran dáhùn, kò lè gbójú sókè.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni òjò mú, koríko ga kọjá orí ènìyàn, kò rí ọ̀kánkán mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, kò sí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín kan ṣoṣo lórí ọ̀dàn náà. Ilé ọdẹ wá ń jẹ ọbẹ̀ láìsí ẹran.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ipasẹ̀ kan lẹ́bàá odò. Ó tọ̀ ọ́ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, ó sọdá odò, ó sì já sí ibi tí Gídádò tún tẹ gàá dó sí. Màlúù ti jẹ koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀mùnú tútù ti ń yọ. Lórí àpáta pẹrẹsẹ kan tí Gídádò ń da iyọ̀ sí fún màlúù, àgbọ̀nrín méjì ń lá ohun tó ṣẹ́ kù, ọmọ wọn dúró tì wọ́n. Màlúù ń jẹ nítòsí, ẹ̀rù kò ba àwọn àgbọ̀nrín náà. Ọdẹ́níran gbé ìbọn sójú. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Koríko tí màlúù gé kúrú àti iyọ̀ tí wọ́n lá kù ló ń fa ẹran wá síwájú ìbọn rẹ̀ láti ogún ọdún, kò sì mọ̀.

Ó lọ sí gàá. Gídádò fún un ní omi àti wàrà kó tó béèrè ohun tó gbé e wá. Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ọ̀yà ló jẹ àgbàdo yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ yín ni.”

“Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà,” ni Gídádò wí. “Ojú rẹ kì í ṣi ẹsẹ̀ ẹran mọ̀. Ìdí tí o fi ṣe é ni n kò mọ̀.”

Ọdẹ́níran sọ ìdí rẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́, ó rí i bí ìdí náà ti kéré tó.

Ó padà sílé, ó jẹ́wọ́ níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo ará abúlé. Àwọn àgbà lọ bẹ Gídádò. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ó sì dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò padà wá mọ́. Ó ní màlúù òun ti mọ omi ibòmíràn. Láti ìgbà náà, bí ohunkóhun bá jẹ oko ní Ìdí-Ẹmi, ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ti Ọdẹ́níran ni wọ́n ń rán lọ wò ó. Wọn a gba iwájú ilé Ọdẹ́níran kọjá, wọn a kí i, wọn a máa lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má lé ọmọnìkejì yín kúrò nídìí ohun tó tó yín jẹ pọ̀. Ẹ kò mọ ohun tí yóò bá a lọ. Bí Ọlọ́run bá sì fún yín ní ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ má fi parọ́. A lè dárí ji òpùrọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a tún gbà á gbọ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra.