Jíà Alápatà Lábẹ́ Ọkọ̀ Nùréènì

Nùréènì, mẹkáníìkì ní Dopemu, ní àìsàn kan tí dókítà kankan kò lè wò: kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan. Ó ní ìkejì pẹ̀lú: ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun olóhun. Ẹ má bi mí pé èwo ló burú jù. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ayé SAP ni, nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ lábẹ́ ìjọba àwọn ṣọ́jà. Ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun? Tòkúnbọ̀ tó ń gba Kùtọnu wọlé ni gbogbo wa ń rà. Àwọn tòkúnbọ̀ ọ̀hún sì ń gbé jíà ọ́tò wá, èyí tó ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò tíì mọ̀ dénú. Nùréènì kò mọ̀ ọ́n rárá, ṣùgbọ́n ó kọ "BABA JÍÀ" gàdàgbà sára páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àlàbá, alápatà ní Oko Ọba, ló kó sí i lọ́wọ́. Bí àwọn onímàlúù ṣe ń fi ọ̀dà kun ara màlúù wọn kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni Àlàbá ń kun gbogbo nǹkan rẹ̀: ìlà aláwọ̀ búlúù mẹ́ta, lára garawa, lára àpótí ìjókòó, títí dórí bàtà. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Láràárọ̀ ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ẹran lọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Allen. Bí ẹran bá pẹ́ lójú ọ̀nà, wọn ò ní gbà á, ọmọ mẹ́fà ló sì ń fi iṣẹ́ yẹn bọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ há sí jíà kìn-ín-ní, ó ń ké, kò sáré.

"Ọ̀gá Nùréènì," ni Àlàbá wí, "ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ mítà eré kú. Bí mo sáré, bí mo rọra, orí òdo ló wà. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni?"

Nùréènì bú sẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fi ń wakọ̀ ni? Ṣé mo ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pa màlúù rí? Jíà yín ti kú. Ẹ lọ sinmi, màá bá yín wá òmíràn."

Irọ́ ni. Ó ti fa ọ́ìlì jíà náà jáde, ó ti gbóòórùn rẹ̀: ó pupa, ó mọ́, kò jóná. Ó mọ̀ pé jíà gidi ni, ó rò pé ìdọ̀tí díẹ̀ ló dí i. Irú ọkọ̀ kan náà lòun náà ń gùn, jíà tirẹ̀ sì ti ń yọ̀, kò fà mọ́ bó ṣe yẹ. Ni ọ̀gá bá tú méjèèjì. Ó gbé jíà Àlàbá sábẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, ó gbé ògbólógbòó tirẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ Àlàbá, ó sì tún gbowó jíà tuntun lọ́wọ́ Àlàbá lé e. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ọkọ̀ Àlàbá rìn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì méjì lé Àlàbá àti ẹran rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Nùréènì ńkọ́? Ó há sí jíà kìn-ín-ní. Nùréènì fọ ìdọ̀tí, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, pàbó! Ó wo mítà, abẹ́rẹ́ kò mira.

Wàhálà dé. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ mẹkáníìkì fẹ́ fi í jẹ alága, òun ni yóò sì fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣíwájú ọkọ̀ àwọn yòókù. Ó díbọ́n pé ẹlòmíì ló rán òun, ó bèèrè ẹni tó mọ jíà ọ́tò, wọ́n ní Láídé ni, ọmọbìnrin rìwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà màlúù ní Oko Ọba. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ó rọra wọ́ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó ní ta ló mọ òun níbẹ̀. Ó gbàgbé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Láídé bi í, "ṣé abẹ́rẹ́ mítà yín ń ṣiṣẹ́?"

Nùréènì ní, "Kò ṣiṣẹ́."

"Sẹ́ńsọ̀ ni. Nǹkan kékeré kan báyìí ni, ara jíà ló wà, òun ló ń ka eré ọkọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí jíà mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀, òun náà ló ń gbé abẹ́rẹ́ yẹn dìde. Tó bá ti kú, kò sí èyí tó máa gbọ́ nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì."

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Láídé wọ abẹ́ ọkọ̀. Kí ìdọ̀tí má baà já sínú jíà, ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù fọ gírísì tó yí sẹ́ńsọ̀ náà ká. Gírísì ṣí kúrò. Ìlà búlúù mẹ́ta yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

Alápatà kan tó ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó. Ẹ ò bá gbọ́ igbe rẹ̀! "Àlàbá o! Màlúù rẹ wà lábẹ́ ọkọ̀ níbí o!"

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, àwọn alápatà ti yí i ká, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà. Àlàbá wo jíà, ó wo Nùréènì, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti kú."

"Mo... mo ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ní Oko Ọba, ẹni tí wọ́n bá bá màlúù olómàlúù lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fà á padà sí ìdí èèkàn olówó rẹ̀, lójú gbogbo ọjà. Wọ́n so okùn màlúù mọ́ iwájú ọkọ̀, wọ́n fi ìdí okùn lé Nùréènì lọ́wọ́. Baba Jíà ń fa ọkọ̀ lọ, agbádá ń gbálẹ̀, àwọn ọmọ ń ké "Hẹ̀ẹ́, màlúù!" Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì tó ń wá alága wọn kiri ti bá a. Wọ́n yí ọkọ̀ wọn padà, wọ́n lọ fi ẹlòmíì jẹ alága.

Nùréènì dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ọjà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá jíà padà sábẹ́ ọkọ̀ Àlàbá, ó sì kó owó Àlàbá sílẹ̀. Láídé fi sẹ́ńsọ̀ mìíràn sí i, abẹ́rẹ́ dìde, ẹran sì tún ń dé Allen kí oòrùn tó mú. Ní Dopemu, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá bá Nùréènì mọ́. Nígbà tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan ti fi ọ̀dà búlúù fa ìlà mẹ́ta lórí "BABA JÍÀ".

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ti Nùréènì kọ́gbọ́n. Ohun tí o kò bá mọ̀, bèèrè. Ìtìjú ìbéèrè kò gùn tó okùn màlúù. Má sì fi ẹni tó ń sọ ohun tó ṣe nǹkan rẹ̀ fún ọ ṣẹ̀sín, nítorí ó lè jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé kí o jọ̀wọ́ ohun olóhun fún olóhun, torí àìsàn tó wà lára ẹrù tí o jí yóò bá ọ délé.