Ṣáńpù Tó Ń Rùn Bí Ọ̀dà

“Ẹ fún mi ní ṣáńpù. Ọmọ àbúrò mi kan ní Ùsò ni orí ń yún.” Onídìrí fa gèlè rẹ̀ bo iwájú orí bó ti ń sọ̀rọ̀.

Kúbúrá, tó ń ta ọṣẹ àti ìpara láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, bi í pé, “Ṣé orí náà kàn gbẹ ni, àbí ó ń bó?”

“Ó ń bó, róbótó-róbótó.”

“Làpálàpá nìyẹn. Èyí tó ń rùn bí ọ̀dà yìí ló máa bá a mu. Kí wọ́n má sì fi òòyà rẹ̀ ya irun ẹlòmíì o.”

Ojú ti onídìrí. Òòyà kan ṣoṣo tó fi ya gbogbo orí tó dì fún Iléyá wà nínú báàgì rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wọ abẹ́ gèlè, tó ń họ orí.

Kúbúrá rí i. Ó tú ìborùn tirẹ̀: irun ti re kúrò lórí rẹ̀ lójú méjì mẹ́ta, òórùn ọ̀dà sì gba ṣọ́ọ̀bù. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo kó o ràn yín nígbà tí ẹ dirí Iléyá fún mi níjọ́sí.”

Orí ti ń yún onídìrí láti inú ààwẹ̀, kí Iléyá tó dé rárá.

“Ó ti tán,” ó ní, kò lè gbójú sókè. “Mo ti foríjì yín.”